Orí Oníwo Tó Wà Lára Pátákó Mi

Òórùn gírísì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé, kí òórùn ògì gbígbóná tó dé imú mi. Ilé tí a ń gbé nígbà náà kò jìnnà sí Paparanda ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀yìnkùlé wa sì fara ti ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, àwọn ọkọ̀ tó wá dúró de fẹ́rì láti sọdá odò. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo odò mọ́lẹ̀ títí oòrùn á fi mú. A kì í rí omi rárá, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ òòlù lára irin, a sì máa ń gbọ́ òórùn gírísì dúdú tó ti jóná. Àwọn ọmọ mìíràn ní ó ń fọ́ àwọn lórí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ dúró.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ni mò ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ mọ Lọ́kọ́ja kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá pé yóò di olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ ó rántí pé nínú agboolé kan ṣoṣo, èdè mẹ́rin lè wọ etí èèyàn kí ó tó bọ́jú tán. Obìnrin Núpé kan ń gbé yàrá ọwọ́ òsì wa. Nnàkó ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń yan ẹja tí ìyá mi ń gbé lọ sọ́jà, èdè Háúsá ni àwọn méjèèjì sì fi ń ná an, nítorí pé èyí kò gbọ́ tèyí. Bàbá mi, Jónà, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ Ìjùmú ni, ṣùgbọ́n kékeré ni bàbá tirẹ̀ ti gba ìgbàgbọ́, inú ọgbà míṣọ́ọ̀nù ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n padà fi mú un. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ fún mi bí mo bá ń kàwé lábẹ́ àtùpà ni pé, "Ìwé ni ọkọ̀ ojú omi wa. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, ó di dandan kí ó wẹ odò."

Àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ ń ṣe pátákó oníbẹ́ríǹ ní àdúgbò wa. Wọn á wá bẹ́ríǹ àlòkù, irin róbótó tó ń yí nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, wọn á gbẹ́ igi méjì tí ẹnu wọn máa wọ ojú bẹ́ríǹ náà ṣinṣin, wọn á sì kan pátákó lé igi lórí. Lẹ́yìn náà, wọn á gbé e gun ọ̀nà ọ̀dà tó sọ̀kalẹ̀ láti ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé lábẹ́ Òkè Patí. Wọn á jókòó lé e, wọn á gbé ẹsẹ̀ sókè, ilẹ̀ á sì máa gbé wọn lọ. Ariwo irin lórí ọ̀dà dà bí ìgbà tí gbogbo obìnrin àdúgbò bá ń lọ ata lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń bọ̀ á máa ké "Kauce", èdè Háúsá tí gbogbo wa fi ń sọ fún èèyàn pé kí ó yà lọ́nà, ì báà jẹ́ ọmọ Ígálà tàbí ọmọ Yàgbà.

Tèmi, Málàm Sanusi ló fún mi ní bẹ́ríǹ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ará Kánò, mo sì máa ń bá a fi kẹrosíìnì fọ àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá mi gbẹ́ igi rẹ̀. Ó tún fún mi ní ẹ̀gbẹ́ kan lára àpótí tí wọ́n fi kó agolo gírísì wá láti òkè òkun. Pákó náà fẹ̀, ó dán, kò sì wúwo. Èmi kò jókòó lé e bí àwọn ọmọkùnrin. Mo dúró lé e ni, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ lékeléke. Kì í ṣe pé mo láyà jù wọ́n lọ. Bí mo bá jókòó, gírísì á ta sí aṣọ mi, ìyá mi á sì mọ ibi tí mo lọ. Mo ṣubú títí awọ eékún mi fi bó, kí ó tó di pé mo lè dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é láìṣubú, tí atẹ́gùn odò ń fẹ́ sí mi lẹ́nu, tí mo rí omi Ọya tó ń dán níwájú mi, mo rò pé kò sí ohun tí ọwọ́ mi kò ní tó láyé.

Lábẹ́ pátákó náà ni àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe gírísì wà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa tẹ̀ ẹ́ sára igi: orí kan tó ní ìwo méjì, tó la ẹnu, tó ń rẹ́rìn-ín, ahọ́n rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀. Málàm Sanusi wò ó, ó ní bunsuru ni, ìyẹn ni pé òbúkọ. Nnàkó wò ó, ó ní ẹfọ̀n ni, ó ní bàbá òun pa irú rẹ̀ rí ní ẹ̀bá odò. Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kí òun rí i nítòsí oúnjẹ. Èmi kì í tilẹ̀ wò ó. Abẹ́ ló wà, òkè ni mo dúró sí.

Mo gbọ́dọ̀ wá sọ ti Alàgbà Dáníẹ́lì. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, a sì máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ohùn rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Alàgbà ni nínú ìjọ wa. Òun kan náà ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Lọ́kọ́ja. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ náà máa ń rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò. Kò sí òbí kan nínú wa nígbà náà tí apá rẹ̀ ká owó ilé ẹ̀kọ́ náà láìsí ẹgbẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ méjì péré ló yege nínú àwọn ọmọ ìlú wa. Èmi ni mo ṣíwájú. Kọ́mfọ́tì, ọmọ Alàgbà Dáníẹ́lì, ló tẹ̀lé mi. Èmi ló kàn láti lọ. Ìyá mi ti ra àpótí páànù fún mi, ó gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sì máa ń jí láàárọ̀ kí n ṣí i, kí n kàn gbọ́ òórùn ọ̀dà tuntun tó wà nínú rẹ̀, kí n tún pa á dé.

Sátidé kan lẹ́yìn tí èsì ìdánwò jáde, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí pátákó mi, Alàgbà Dáníẹ́lì sì ń gòkè bọ̀. Kò yà. Èmi ni mo fo sílẹ̀. Pátákó náà yí dànù, ó dojú dé, orí oníwo náà sì kọjú sókè. Alàgbà dúró tì í, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Rúùtù, orí ta ni èyí?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ara àpótí gírísì ló ti wá."

Ó ní, "Àpótí gírísì." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi gbá pátákó mi mú létí, ó sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìwàásù, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé pátákó náà sókè, ó ní Sàtánì ti wọ ilé onígbàgbọ́, ọmọbìnrin ló sì ń gùn ún kiri ìgboro. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń rán níṣẹ́ ìwé. Bàbá mi tẹ orí mọ́lẹ̀. Gbogbo ojú ló yí sí mi, mo sì ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lè lanu. Katikíìsì wa nígbà náà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn àwàdà. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó wo orí oníwo náà, ó sì ní kí àwọn akọrin dìde. Ó dojú bẹ́ǹṣì wọn dé. Orí kan náà wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kan náà, nítorí pé láti ara irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà ti rí igi tó fi ṣe gbogbo bẹ́ǹṣì ìjọ.

Katikíìsì ní, "Alàgbà, ó ti pẹ́ tí a ti ń jókòó lé e lórí. Kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àní ìyá mi rẹ́rìn-ín. A lọ sílé, a jẹ ìrẹsì, bàbá mi sì ní ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní gbangba kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ ìlú ṣe ìpàdé ní pálọ̀ Alàgbà Dáníẹ́lì. Àwọn ọkùnrin jókòó sínú pálọ̀, àwọn obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní kí èmi náà wá. Pátákó mi wà lórí tábìlì. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó mọ́lẹ̀ bí òkú. Lọ́jọ́ náà, Alàgbà kò mẹ́nu kan Sàtánì. Ó ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti parí sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ilé ló kù. Ó ní kí àwọn ìyá yí ojú sẹ́yìn. Wọ́n yí i. Ó wá ṣí aṣọ náà, ó ní ojú tí òun rí lára pátákó yìí, ojú egúngún ìlú wa ni, èyí tí a kì í dárúkọ létí obìnrin. Ó ní àwọn òyìnbó ló jí àwòrán rẹ̀ gbé, wọ́n fi ń ta ọjà. Ó ní ọmọbìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ orí àwọn bàbá wa mọ́lẹ̀ láàárín títì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí kò lè mọ̀ ọ́n. Obìnrin kì í rí egúngún yẹn. Bó bá fẹ́ jáde nílé, àwọn obìnrin á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, wọn á da aṣọ bojú. Nítorí náà, kò sí obìnrin kan tó lè sọ ní ìpàdé yẹn pé ojú rẹ̀ kọ́ nìyí. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn á bi í léèrè ibi tó ti rí i. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kò lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí wọn kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ níbi tí etí obìnrin wà. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò mọ nǹkan kan, míṣọ́ọ̀nù ló tọ́ ọ. Alàgbà ti rí ilé kan tí kò ní ìlẹ̀kùn, ó sì ti fi wá sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, bàbá mi dìde. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, àmì ọjà ni. Gbogbo wa la rí i lábẹ́ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì."

Alàgbà bi í ní jẹ́jẹ́ pé, "Jónà, ṣé o ti wọ igbàlẹ̀ rí?"

Bàbá mi yíjú sí àwọn àgbà tó yí i ká.

"Mo ní ṣé o ti wọ̀ ọ́ rí? Àbí inú Bíbélì ni wọ́n ti fi ojú rẹ̀ hàn ọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi jókòó. Mo rí ìyá mi tó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo sì rí bí àbúrò bàbá mi obìnrin ṣe já a léèékánná ní itan lábẹ́ aṣọ. Àwọn arúgbó ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ti wọ igbàlẹ̀ láti kékeré, ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Orí tèmi wọ́.

Wọ́n ní kí bàbá mi mú ewúrẹ́ kan wá fún ètùtù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kò lè fi orúkọ ìlú rán ọmọ tí ìbínú àwọn bàbá wà lórí rẹ̀, ó kéré tán kò lè jẹ́ lọ́dún náà. Wọ́n ní kí wọ́n mú ọmọ tó tẹ̀lé e. Alàgbà Dáníẹ́lì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bà lọ́kàn jẹ́, ó ní bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni, òun kò lè kọ̀ ọ́. Báyìí ni Kọ́mfọ́tì ṣe lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ipò mi. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ mìíràn ló gba ipò kìíní, ẹnikẹ́ni kò sì rántí ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ìyá mi kó ẹja gbígbẹ sínú àpótí páànù náà. Nígbàkúùgbà tí a bá pàdé Alàgbà lọ́nà, ó máa ń sọ lẹ́yìn tó bá ti kọjá pé, "Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń jẹ?"

Bàbá mi ti kú, mo sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ nítorí òkú. Ó yẹ kó tún dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ìgbàgbọ́ ni, kí ló kàn án pẹ̀lú igbàlẹ̀? Kí ló dé tí kò sọ pé òun kò bẹ̀rù wọn? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń retí lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Èyí tó burú jù ni pé mo gbà wọ́n gbọ́. Ọmọdé ni mí. Bí àgbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, òótọ́ ni ọmọdé á pè é. Mo máa ń lọ sétí odò, mo máa ń fi iyanrìn bó àtẹ́lẹsẹ̀ mi títí á fi máa ta mí. Mi ò tún gun pátákó mọ́. Títí mo fi di abiyamọ, mi ò jẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹní tí wọ́n ya ojú sí. Nígbà tí oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́, kì í ṣe dókítà ni mo kọ́kọ́ rò, ẹsẹ̀ mi ni mo rò. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo kàn dùbúlẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Mo kàwé náà nígbẹ̀yìn. Mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, mo sì ń fi àkókò ìsinmi kàwé títí mo fi gba oyè yunifásítì nígbà tí àwọn ọmọ mi ti ń wọlé sí yunifásítì. Kọ́mfọ́tì ti di ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó ń gbé ní àdúgbò Otokiti nínú ilé ńlá, èmi ń gbé ní àdúgbò Crusher. Ìjọ kan náà ni a ń lọ. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ló máa ń kí mi bí a ti ń kí ara wa nílùú wa pé, "Okun o, Rúùtù," mo sì máa ń dá a lóhùn pé, "Okun o," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ Lọ́kọ́ja tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun pátákó. Sikéètì ni wọ́n ń pè é, táyà róbà ló sì ní, kì í pariwo bíi tiwa. Lára pátákó wọn, lára aṣọ wọn àti lára fìlà wọn, mo rí àmì ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun: orí oníwo tó la ẹnu. Kì í ṣe èyí tó wà lára àpótí gírísì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ìjọ gbogbo fi wàásù. Wọ́n ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Obìnrin kan ní àdúgbò wa dáná sun aṣọ ọmọ rẹ̀ níwájú ilé, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ń lé ọmọ padà nítorí rẹ̀. Mo kàn ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí ìwàásù náà fi dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó jáde wá sọ pé àwọn ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n kàn ń bá tiwọn lọ.

Tẹ̀mí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ní pátákó kan. Ó máa ń dúró lé e dáadáa, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ ohun tí mò ń wò. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ wá wò mí ní Paparanda. Ìdíje ni." Mo tẹ̀lé e. Ọmọ ọmọ Kọ́mfọ́tì ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ ńlá kan tó ní orí oníwo sẹ́yìn, pásítọ̀ wa dúró sábẹ́ rẹ̀, ó gbàdúrà fún ààbò àwọn ọmọ, gbogbo wa sì ṣe àmín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ti pátákó bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Mama, abeg shift small." Ibi tí mo yà sí ni mo ti bá Kọ́mfọ́tì. Orí àga alága ló jókòó sí. Ó dé féèsì káàpù, orí oníwo náà sì wà ní iwájú orí rẹ̀, ní ọ̀kánkán ojú mi.

Mo jókòó tì í. A kí ara wa. Mo ń wo fìlà náà, òun náà sì rí i pé mò ń wò ó. Ó fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọmọ ló ní kí n dé e. Àmì lásán ni, Rúùtù. Ayé ti yí."

Mi ò múra ohun tí mo sọ. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ nígbà náà pé àmì lásán ni?"

Mo rò pé yóò bínú, tàbí pé yóò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó bọ́ fìlà náà, ó gbé e sórí itan, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń sáré lórí pátákó.

Ó ní, "Ó mọ̀."

Ó fọwọ́ ra ìwo tó wà lára fìlà náà.

"Egúngún yẹn kò tilẹ̀ ní ìwo. Aṣọ lásán ni, láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní ojú rárá. Lọ́jọ́ Kérésì, tí àwọn àna wa bá pé, ó máa ń sọ ọ́ bí àwàdà. Á ní òun fi egúngún tí kò lójú gba ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ òun. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà. Mo ṣì kéré nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dàgbà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n mi ò wá bá ọ. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Tẹ̀mí sọ̀kalẹ̀ níwájú wa nígbà náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mò ń ronú kan iyanrìn etí odò, mò ń ronú kan bẹ́ẹ̀dì tí mo dùbúlẹ̀ lé nígbà tí oyún mi bàjẹ́, àti àwọn àna Alàgbà tí wọ́n jókòó yí ìrẹsì Kérésì ká, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Kọ́mfọ́tì di ọwọ́ mi mú. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé mò ń kọ ìrántí ìgbà èwe mi, òun náà sì mọ̀. Ó ní, "A ti darúgbó, Rúùtù. Bàbá mi ti sùn, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sára gbọ̀ngàn ìjọ. Jọ̀ọ́, fi í sí ikùn. Dárí jì í, má kọ ọ́ síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọ̀gá àgbà. Mo gbà pé ó dùn ún. Mo yọ ọwọ́ mi, mo ní kí ó kí àwọn ará ilé, èmi àti Tẹ̀mí sì wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí Crusher.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mo jókòó tì í títí mo fi rí i pé kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ lórí ọ̀nà ọ̀dà yẹn ì bá ti dárí ji Alàgbà kí oòrùn tó wọ̀, bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan wá bẹ̀ ẹ́. Ọmọdé máa ń tètè dárí ji èèyàn, nítorí kò tíì mọ bí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èmi ti gbé ayé náà láìní in. Mo mọ bí ó ṣe pọ̀ tó.